Fódà Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Ohun Tójú Mi Rí Lórí Fótò 11,842

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní 2022 ni Màmá yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Abẹ́òkúta, àwọn àti àbígbẹ̀yìn wọn. Aṣọ dúdú ló wà lára wọn, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Ẹ̀yìn Bàbá á dára o."

Wọ́n ní àmín, wọ́n jókòó, wọ́n sinmi díẹ̀. "Ọkọ mi, ìwọ lo ya àádọ́rin ọdún Bàbá yín. Fótò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tún fìlà wọn dé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti gbomi. Òun ni mo fẹ́ kó wà lára pósítà ìsìnkú."

Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, torí n kì í da fótò oníbàárà nù. Gbogbo òde tí mo yà ní 2016 wà nínú háàdì kan, nínú fódà kan ṣoṣo tí mo pè ní ÒDE 2016. Mo so háàdì mọ́ lápútọ́ọ̀pù, mo ṣí sọ́fítíwíà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò láti fi to fótò, mo tọ́ka fódà náà sí i. Àmì róbótó tó máa ń yí lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí. Màmá ń wo ojú mi, èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ojú rẹ̀ ṣì dà bíi pé èéfín bò ó, "Not Responding" yọ lókè, ó parí síbẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n máa lọ sílé, màá pè wọ́n. Ojú tì mí láti sọ ọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ sọ́fítíwíà yẹn kúrò, ká tún un gbé sórí ẹ̀rọ." A yọ ọ́, a tún un gbé sí i, bákan náà ló rí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Mo yọ háàdì, mo tún un so, ó tó ìgbà mẹ́fà, àwọn ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé iná ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, ìyẹn ni pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí mo sì fà á yọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ló dùn mí jù. Háàdì tí a bá fà yọ níbi tó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ lè ba àkọsílẹ̀ tó fi mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà jẹ́. Ní ìgbà keje, Windows gbé ìkìlọ̀ kan jáde: ó ní háàdì yìí níṣòro, ṣé kí òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun sì tún un ṣe? Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì kí n tó rántí ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo pè wọ́n, ilẹ̀ ti ṣú gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi." Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn.

"O ti ṣe ẹ̀dà àwọn fótò yẹn síbòmíì?"

"Rárá, sà."

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò lára háàdì yẹn nísinsìnyí. Má jẹ́ kí nǹkan kan tún un ṣe. Da gbogbo ẹ̀ sórí òmíràn ná. Ẹ̀dà yẹn ni kó o máa fi dán ohun tó o bá fẹ́ wò."

Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé chkdsk, tí Windows fi ń tún háàdì ṣe, àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ló ń tún ṣe. Kò mọ̀ pé fótò ni fótò. Tó bá rí fáìlì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ó lè gé e, ó sì lè kó àjákù rẹ̀ sínú fódà kan tó ń jẹ́ FOUND.000 pẹ̀lú orúkọ bíi FILE0000.CHK, kí olóhun wá máa ṣa á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà nínú iyanrìn. Tí ẹ̀dà bá ti wà níbòmíì, chkdsk kò lè pa wá lára. Tí kò bá sí, àwọn ojúlówó ni a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Robocopy ni wọ́n ní kí n fi dà á, àṣẹ tí a ń tẹ̀ láti fi da fáìlì ni, ó wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, owó ò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kéèyàn má gbàgbé: tí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò ṣeé kà, robocopy yóò gbìyànjú rẹ̀ ní ìgbà 1,000,000, yóò sì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbà kan sí èkejì, àfi tí a bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí n fi /R:1 /W:1 sí ìparí àṣẹ náà: gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, máa lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 94GB. Ó lé ní wákàtí kan kó tó dà tán, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú ínfátà, mò ń gbàdúrà. Kò sí fáìlì tó kọ̀. Mo yọ háàdì àtijọ́ bó ṣe yẹ ká yọ ọ́, mo fi aṣọ dì í, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ara mi ti ń balẹ̀.

Ẹ̀dà tuntun náà há. Ó há bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. A jẹ́ pé háàdì kọ́ ló ń ṣe é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú sọ́fítíwíà yìí bá ń ṣí fódà pọ̀ ju bó ṣe ń hàn sí wa lọ. Á kọ́kọ́ ka orúkọ gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀. Á wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ka ọjọ́ tí a yà á àti kámẹ́rà tí a fi yà á, á tú fótò náà jáde, á fi ṣe àwòrán kékeré tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Níbi ìtújáde yẹn ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. JPEG, irú fáìlì tí kámẹ́rà fi ń tọ́jú fótò, dà bíi gàrí gbígbẹ: èyí tó kún ìdajì abọ́, tí omi bá dé inú rẹ̀, á wú bo ẹnu abọ́. Fótò kámẹ́rà mi fẹ̀ ní píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fótò) 6,000, ó ga ní 4,000, ìyẹn mílíọ̀nù 24. Lórí háàdì, bíi 8MB ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tú u, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì mẹ́ta, fótò kan náà á wá gba 72MB nínú RAM, àyè tí kọ̀ǹpútà ń lò fún ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. RAM 4GB ni lápútọ́ọ̀pù mi ní. Sọ́fítíwíà náà sì jẹ́ oní-bíìtì 32, irú rẹ̀ kì í sábà rí ju 2GB lò lórí Windows, bó ti wù kí RAM pọ̀ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe hàn, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́fítíwíà náà, kí n kàn máa wò ó. Mo rò pé àṣedànù ni. Òun gan-an ló là mí lójú, títí dòní òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣí tí fódà bá ti há. Ohun mẹ́ta ni mò ń wò: disk (háàdì), memory (RAM) àti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà). Tí iṣẹ́ disk bá ń lọ sókè sódò, kò há, ó ń ṣiṣẹ́, ká ní sùúrù. Tí memory bá ń gùn bọ̀, 400MB, 900MB, 1,600MB, tó wá sún mọ́ 2GB tí sọ́fítíwíà sì kú pì, àyè ni kò tó o. Ṣùgbọ́n tí disk bá dákẹ́, tí memory kò kúrò lójú kan, tí CPU sì dúró sórí bíi 25% lórí ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ mẹ́rin, fótò kan ló di ọpọlọ kan mú tí kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n jọra lójú ẹni tó ń wo àmì tó ń yí, ṣùgbọ́n àìsàn wọn ò jọra rárá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín fódà náà sí méjì. Mo ṣẹ̀dá fódà kan fún ìdajì kìíní nínú fótò 11,842, ìyẹn 5,921, òmíràn fún ìdajì kejì. Ìdajì kìíní ṣí láìsí wàhálà, ó gbà á ní ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ta káàdì ìpè níwájú ṣọ́ọ̀bù fi yọjú wò mí. Ìdajì kejì há. Ó dáa, mo tún un pín: 2,961 sápá kan, 2,960 sápá kejì. Ìrètí mi ni pé ọ̀kan á ṣí, ọ̀kan á há, màá sì máa lé e lọ bẹ́ẹ̀ títí màá fi ká a mọ́.

Méjèèjì há.

Mo jókòó. Ó ṣe mí bíi kí n dá háàdì padà sínú dúrọ́ọ̀ kí n lọ bẹ Màmá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ náà kéré o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ lójú: "Ọ̀gá, bóyá olè méjì ni." Mo tún wo Task Manager dáadáa. Lóòótọ́, nínú apá kan memory ń gùn títí sọ́fítíwíà fi kú. Nínú apá kejì memory dákẹ́ jẹ́ẹ́, CPU dúró sórí 25%. Olè méjì ni lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò sì jọra. Ká ní mo rí ọ̀kan mú tí mo sì dẹ́kun wíwá, ọ̀sẹ̀ méjì ni ǹ bá fi máa bú sọ́fítíwíà.

Mo kọ́kọ́ lé èyí tí memory rẹ̀ ń gùn. 1,480, 740, 370, 185. Ní 185 ni mo ronú ohun tó yẹ kí n ti ronú láti òwúrọ̀: mo ní kí Windows to àwọn fáìlì náà bí wọ́n ṣe wúwo sí. Gbogbo wọn wà láàárín 7MB sí 9MB. Ọ̀kan dá wà lókè pẹ̀lú 61MB, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Untitled-1 copy.jpg". Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bánà ọjọ́ ìbí Bàbá ni, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì. Ẹni tó ṣe é fún wọn fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè wo àwọ̀ tó lò, èmi sì jù ú sínú fódà fótò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní márùn-ún, ó ṣe é ní píksẹ́lì 200 sí ínǹṣì kan, ìyẹn 24,000 ní 12,000. Ẹ ṣèṣirò rẹ̀: píksẹ́lì mílíọ̀nù 288, báìtì mẹ́ta mẹ́ta, ó jẹ́ 864MB nínú RAM fún àwòrán kan ṣoṣo, kó tó wá ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn mọ́ inú 2GB pẹ̀lú àwọn yòókù? Mo gbé bánà náà kúrò, apá yẹn ṣí wẹ́rẹ́.

Apá kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pín in títí, ó ṣẹ́ ku fótò mẹ́sàn-án tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra. Ìwọ̀n wọn pé, 8MB, 8MB, kò sí èyí tó ń múni fura. Mo fi ohun tí Windows fi ń wo fótò ṣí ọ̀kan. Lókè, aṣọ àti iná àti ojú àwọn èèyàn ń dán. Láti ìdajì lọ sísàlẹ̀, ó di eérú. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àwọ̀ eérú kan náà, bíi pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Fáìlì JPEG kọ̀ọ̀kan ní àmì tó fi ń bẹ̀rẹ̀, FF D8, ó sì ní àmì tó fi ń parí, FF D9. Wọ́n kọ ìlà mélòó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti fi yẹ ìparí gbogbo fáìlì wò. Mẹ́sàn-án yẹn ni kò ní FF D9, òfo lásán, 00 00 00, ló kún ìparí wọn. Àwọn kámẹ́rà àti fóònù kan máa ń kọ nǹkan míì sílẹ̀ lẹ́yìn FF D9, nítorí náà fáìlì tí kò bá fi parí gan-an lè má ní àléébù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí, kó fojú ara rẹ̀ wo èyí tó bá mú kó tó dájọ́. Sọ́fítíwíà tó dáa yẹ kó fo irú fótò bẹ́ẹ̀ kó sọ fún wa pé òun fò ó. Tèmi dúró tì í, ó ń dúró de ìparí tí kò ní dé.

Báwo ni fáìlì ṣe máa pé ní ìwọ̀n tí inú rẹ̀ á ṣófo? Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá iná lọ lọ́jọ́ tí mo da fótò náà, gbogbo rẹ̀ padà sí mi lórí. December 2016, lóru ọjọ́ òde náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń lò nígbà náà, n kò ní UPS. Mò ń da fótò láti inú káàdì kámẹ́rà sí háàdì, NEPA mú iná lọ. Windows máa ń gba àyè sílẹ̀ fún fáìlì kó tó da inú rẹ̀ sí i tán, àwọn tó ti kọjá sì lè ṣì wà nínú RAM tí wọn kò tíì fìdí kalẹ̀ lórí háàdì. Iná dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ dídà. Windows bi mí pé àwọn fáìlì kan ti wà níbẹ̀, ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò wọn ni àbí kí òun fò wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kó fò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo fọ́máàtì káàdì, ìyẹn ni pé mo pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, nítorí òde míì ń bọ̀.

Bọ́tìnnì kan ni mo tẹ̀ lóru yẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi dùbúlẹ̀ dè mí. Ní 2016 n kò mọ̀, torí n kò fi sọ́fítíwíà kankan to gbogbo wọn pọ̀ rí. Èyí tí oníbàárà bá mú ni mò ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó mú mẹ́sàn-án yẹn.

Èyí tó kù kò pẹ́. Mo gbé àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí fódà tiwọn. Mo wá oní-bíìtì 64 nínú sọ́fítíwíà kan náà, mo fi RAM kún RAM, ó di 8GB. Ìwé àkọsílẹ̀ sọ́fítíwíà náà ti dàrú nítorí gbogbo ìgbà tó kú lójijì, mo sì fẹ́ pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n tún dá mi dúró: yí orúkọ rẹ̀ padà, má pa á rẹ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo àmì tí a ti fi sára fótò wà, orúkọ èèyàn, ìràwọ̀ tí a fún èyí tó dára. Lightroom Classic àti digiKam, sọ́fítíwíà méjì tí a fi ń to fótò, SQLite, ètò kan tí a fi ń kó àkọsílẹ̀ jọ, ni àwọn méjèèjì fi ń kọ irú àkọsílẹ̀ yìí, fáìlì kan lásán ni, ó sì ṣeé tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà tí a kò bá tíì jù ú nù. Orí háàdì inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni mò ń fi tèmi sí báyìí, kì í ṣe orí èyí tí a ń fà yọ. Mo sì sọ fún apakòkòrò kọ̀ǹpútà (antivirus) pé kó má yẹ fódà yẹn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣí i, torí ó ń yẹ fótò kọ̀ọ̀kan wò kó tó jẹ́ kí sọ́fítíwíà rí i.

Fódà ÒDE 2016 kò sí mọ́. Òde kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, ọdún ló ṣáájú, oṣù, ọjọ́, lẹ́yìn náà orúkọ kúkúrú. Mò ń jẹ́ kó kúrú torí ọ̀pọ̀ ètò lórí Windows kò gbà kí àdírẹ́sì fáìlì kọjá lẹ́tà 260, àwa sì fẹ́ràn ká kọ gbogbo oríkì olóde sórí fódà. Kámẹ́rà pàápàá kì í ka nọ́ńbà kọjá 9999 kó tó padà sí 0001, nítorí náà ẹni tó bá da ọdún kan pọ̀ sójú kan máa bá fótò méjì pàdé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Kò sì sí káàdì tí mò ń fọ́máàtì mọ́ kí n tó fi ojú ara mi rí àwọn fótò inú rẹ̀ níbi méjì. Tí iná bá lọ lórí dídà, mo máa pa gbogbo ohun tó ti dà rẹ́, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé lórí èyí, n kì í gba àwáwí.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí fótò náà. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà etí-ajá wọn mú, wọ́n tẹ orí síwájú díẹ̀, eyín iwájú wọn hàn, àgbàdá ti yọ́ kúrò ní èjìká kan. Ó pé pérépéré, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ sílé Màmá fúnra mi.

Mo tún mú ọ̀kan dání nínú àwọn mẹ́sàn-án. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ti ṣaláìsí lọ́dún tó tẹ̀ lé òde náà. Ojú àwọn méjèèjì pé, ṣùgbọ́n láti àyà lọ sísàlẹ̀, eérú ni. Mo ti gé ibi eérú náà kúrò, mo tẹ èyí tó kù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún wọn: pé fótò mẹ́sàn-án bàjẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, pé èyí wà lára wọn, pé n kò lè mú ìyókù rẹ̀ padà wá.

Màmá gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìyá Ìtokò rèé," ni wọ́n wí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú gíláàsì rẹ̀. "Tẹ òmíràn sí i, ọmọ mi. Àwọn ọmọ wọn ò ní èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín."